Orí Kẹfà: Boerboel Lórí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà fúláàtì tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí ọjà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, mi ò tíì gun márùn-ún nínú rẹ̀ tí mo fi gbọ́ mímí kan lókè, hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Obìnrin kan tó ń gbé garawa òfìfo sọ̀ kalẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbá garawa náà mọ́ àyà, ó ní, “Ẹ dúró níbẹ̀ o, Bíńgò ń bọ̀.” Ajá tó yọ ga kọjá orúnkún mi dáadáa. Boerboel ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ South Africa ń sìn láti máa ṣọ́ oko, orí rẹ̀ sì tó ti ọmọ màlúù. Zeus ni olówó rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé náà ò mọ Zeus kankan. Bíńgò ni wọ́n ń pè é, Bíńgò náà ló sì ń jẹ́.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rí ajá yìí máa ń bi olówó rẹ̀: ṣé fúláàtì yìí ò kéré jù fún un? Lándílọ́ọ̀dù béèrè. Ọ̀rẹ́ tó wá láti Challenge béèrè. Ìyá rẹ̀ tó ti Ṣakí wá kí i béèrè, ó tún fi kún un pé láyé òun, ajá kì í sùn níbi tí ọmọ ènìyàn bá ń sùn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo rò pé gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọn ohun tó yẹ kí wọ́n fi aago wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ wọn yàrá náà. Ní Jámánì, ìlànà ìjọba wà lórí bí a ṣe ń tọ́jú ajá, ó sì sọ iye àyè tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà onírin tí a bá ń kó ajá sí. Ajá tí gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká kò tó sẹ̀ǹtímítà 50 yóò ní mítà onígun mẹ́rin 6. Èyí tó wà láàárín 50 sí 65 yóò ní 8. Èyí tó bá ju 65 lọ, bíi Bíńgò, yóò ní 10. Yàrá tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní 12-báì-12, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 12 ní òró àti ní ìbú, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 13 àti díẹ̀. Nítorí náà, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní Agbowó ti ju ohun tí àwọn Jámánì béèrè lọ fún ajá tó ga jù. Ohun tí òfin ọ̀hún ò kà ni bẹ́ẹ̀dì, sílíńdà gáàsì, fìríìjì, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jọ pín owó ilé.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí ilé onígéètì ńlá, èyí tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó tó ilé ajá. Lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ óò rí kéèjì tí wẹ́dà jó, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6. Ìyẹn ò ju mítà onígun mẹ́rin 2 àti díẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni ajá wà láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ojoojúmọ́, ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní kí ó má baà mọ ènìyàn ni, kí ó lè burú dáadáa. Ó máa ń burú lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀rù ló ń jẹ́ kó burú. John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ ìwà ajá ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé wọn jáde ní 1965, wọ́n sì fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tí í ṣe ara ayé rẹ̀ àti ohun tí í ṣe àjèjì. Ajá tí kò bá rí ènìyàn níwọ̀n ìgbà yẹn kò lè dá olè mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tó wá ta gáàsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò gé jẹ.

Ìlànà Jámánì yẹn ní apá kejì tí àwa ò fẹ́ràn láti gbọ́: ọgbà yòówù kí a fi ajá sí, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mú un jáde, ó sì gbọ́dọ̀ máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lójúmọ́, lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn baba wa ò nílò òfin fún èyí. Ajá ọdẹ ń bá ọdẹ rin igbó ni, débi pé fèrè ọdẹ la fi ń pa òwe nípa ajá tó máa sọnù. Ajá agboolé ní Ọjẹ́ tàbí ní Bẹẹrẹ náà kò ní géètì tí yóò dá a dúró. Ó ti gbóòórùn àdúgbò mẹ́ta kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Kéèjì ẹ̀yìn ilé ló jẹ́ tuntun nínú àṣà wa, kì í ṣe ajá inú pálọ̀.

Àgbàlagbà ajá lè sùn tó wákàtí 12 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, ajá ńlá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sá kiri inú ilé. Bí Bíńgò bá ti rìn, tó jẹun, orí táìsì tútù ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń nà gbalaja sí. Ìdí nìyí tí Great Dane, tó wà lára àwọn tó ga jù lọ, fi lè gbé fúláàtì jẹ́jẹ́, tí Malinois tí àwọn ṣọ́jà ń lò, tí kò wúwo tó ìdajì rẹ̀, yóò fi ya àga tìmùtìmù yín sí wẹ́wẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Alsatian wà láàárín àwọn méjèèjì: kò nílò àyè, iṣẹ́ ló nílò.

Imú ni iṣẹ́ tó dára jù. Ní 2019, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz mú ajá 20, wọ́n pín wọn sí méjì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń fi ìdá kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi imú wá oúnjẹ tí wọ́n fi pamọ́, wọ́n ń fi ìdá kejì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ kan síbi tí ajá ò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn tó ti fi imú ṣiṣẹ́ kò lọ́ra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n sáré lọ wò ó bí ẹni tó nírètí. Àwọn tó ń rìn ṣinṣin kò yí padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ajá yín jáde, ẹ má fa ṣéènì bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn òpó iná náà tán. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni olówó Bíńgò ń jáde, kí ọ̀kadà tó pọ̀, kí àwọn ọmọ iléèwé tó kún títì. Àwọn òpópónà ẹsíteéètì Bódìjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là sílẹ̀ ṣáájú òmìnira ṣì ní igi àti ẹ̀gbẹ́ títì tó ṣeé rìn, èyí tí Agbowó àti Ring Road kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Ogójì ìṣẹ́jú ni láàárọ̀, ọgbọ̀n lálẹ́. Lọ́jọ́ tí òjò bá dí wọn mọ́lé, ó ń fọ́n oúnjẹ rẹ̀ ká orí bálíkónì, ó ń wé ẹran gbígbẹ díẹ̀ sínú aṣọ àkísà, ajá á fi ìdajì wákàtí tú u. Oorun tó ń tẹ̀ lé e máa ń wúwo.

Ooru ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló ń pa ajá ńlá ní ìlú yìí tí a ó máa wá ẹni tó fún un ní májèlé. Ẹ bu àmàlà méjì, ọ̀kan bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, èkejì kó kún àwo. Kí ẹ tó wẹ ọwọ́ tán, kékeré ti ń tutù. Ńlá á ṣì máa jóni láàárín. Ara ni ooru ń gbà jáde, bí nǹkan bá sì ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ ju awọ ara rẹ̀ lọ. Ajá kílò 60 jẹ́ àmàlà àwo kíkún. Kò tún lè làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ahọ́n àti mímí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀ ni gbogbo fáànù tó ní. Omi tó ń gbẹ lórí ahọ́n ló ń mú un tutù, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kún fún ọ̀rinrin, omi náà kì í tètè gbẹ. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ tí kò rọ̀ fi lè burú fún un ju ọjọ́ tí oòrùn ń ràn nínú ọyẹ́ lọ.

Ní Fẹ́búárì àti Máàṣì, nígbà tí ooru Ìbàdàn máa ń sún mọ́ 35 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ibòji, fúláàtì òkè pátápátá tí páànù bò, tí iná sì ti lọ, ti di ààrò. Ajá Caucasian, tí wọ́n bí baba rẹ̀ sórí òkè oníyìnyín láàárín Rọ́ṣíà àti Jọ́jíà, kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rẹwà, mo mọ̀ pé bó bá dìde níwájú ilé, olè á yí padà. Bí ẹ bá ń gbé lábẹ́ páànù tí ẹ ò sì ní iná tó dájú, ẹ má rà á. Ẹ má sì rò pé ẹ ó fá irun rẹ̀ kúrò: irun abẹ́lẹ̀ àti tòkè yẹn ló ń dí oòrùn mọ́ awọ ara rẹ̀, bí wọ́n bá sì fá a, ó lè má hù padà dáadáa.

Ara ajá tó dá ṣáká máa ń wà láàárín 38 sí 39. Bó bá kọjá 41, ìfun, kíndìnrín àti ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ óò rí i tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tí itọ́ rẹ̀ ń fà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ẹ má kọ́kọ́ wá mọ́tò. Ẹ da omi lé e lórí ní bálùwẹ̀, gbogbo ara, láì dúró, kí ẹ máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ooru ni táwẹ́ẹ̀lì náà yóò dì mọ́ ọn lára.

Ohun kejì tí fúláàtì fi yàtọ̀ ni àtẹ̀gùn. Àwọn onímọ̀ kan ní Nọ́wè tọpa ọmọ ajá ńlá, Labrador, Newfoundland, Leonberger àti Irish Wolfhound, láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta ni oríkèé ìbàdí wọn tètè ń bàjẹ́ jù. Àwọn tó sì ń sáré fúnra wọn lórí ilẹ̀ rírọ̀ ni tiwọn dára jù. Ẹni tó bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò máa gbé ọmọ ajá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbé e gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ 8, ó rọrùn bí ọmọ ọwọ́. Ní oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn yín á ti máa sọ̀rọ̀.

Ohun tó tún ń ba egungun wọn jẹ́ níbí ni ìfẹ́. Ènìyàn á ra ọmọ Boerboel, á fẹ́ kí ó tóbi ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, á wá máa fún un ní oògùn kálísíọ̀mù, egungun lílọ̀, ẹyin mẹ́ta láàárọ̀. Ìfun ọmọ ajá kò tíì mọ bí a ṣe ń kọ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù. Ohun tí ẹ bá rọ́ sínú rẹ̀ ló ń gbà. Egungun á wọ́, ẹsẹ̀ iwájú á là síta. Ẹ jẹ́ kó rù díẹ̀. Ajá ńlá á ṣì tóbi, àfi kí ó pẹ́ díẹ̀, ó lè tó oṣù 18 sí 24.

Eégbọn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀ wà lára ìwọ̀nba irú rẹ̀ tó lè gbé gbogbo ayé rẹ̀ nínú ilé: á jẹ lára ajá, á já bọ́, á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbi tí ògiri ti lanu àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá fi oògùn sí ajá lára tí ẹ ò fi sí ògiri, ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe. Òun náà ló ń kó ibà ajá tí ń sọ ìtọ̀ di pupa. Parvo, tó gbòde káàkiri ayé láti 1978, ń pa ọmọ ajá Rottweiler àti Alsatian ju àwọn mìíràn lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a sì ń tún un gún títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ ń gún. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò dáàbò bò ó: bàtà yín ló ń gbé kòkòrò náà wọlé láti títì.

Ti dìgbòlugi, ìlú yìí ní orúkọ nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1968, wọ́n rí kòkòrò kan nínú ara asín ní Ìbàdàn tó jọ ti dìgbòlugi bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Wọ́n fi Mókọ́lá sọ ọ́, Mokola virus ló sì ń jẹ́ nínú ìwé ìṣègùn gbogbo ayé títí dòní. (Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹ má torí rẹ̀ kó kúrò ní Mókọ́lá.) Dìgbòlugi gan-an kò ṣọ̀wọ́n. Ó ń pa tó 59,000 ènìyàn lọ́dún lágbàáyé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ajá nìkan ló ń kó o ran wọn. Ajá inú fúláàtì ń pàdé ọmọdé mẹ́wàá lórí àtẹ̀gùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nítorí náà abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta àti àtúngún rẹ̀ lọ́dọọdún kì í ṣe ohun tí a ń dá ọjọ́ fún. Ẹ ya fọ́tò káàdì rẹ̀, kí ẹ lè fi han aládùúgbò tó bá béèrè. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ ló kàn, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ó tó gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́.

Owó wá ńkọ́? Ajá kílò 50 ń jẹ tó oúnjẹ àgbàlagbà ènìyàn kan lóòjọ́. Ẹ ka ẹnu kan kún ẹnu ilé. Ó ń mu tó lítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ìyẹn omi inú ọ̀rá márùn-ún sí mẹ́fà, nígbà ooru ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí omi kò bá gòkè, èjìká ẹnìkan ló ń gbé e, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún.

Obìnrin onígarawa ọjọ́ náà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, abẹ́ fúláàtì Bíńgò ló ń gbé. Òun ló fi ẹjọ́ sun lándílọ́ọ̀dù. Ẹ̀sùn rẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí irọ́ nínú wọn: ìtọ̀ ń kán sórí aṣọ tó sá, ajá ń ké láti aago mẹ́jọ títí dé ọ̀sán bí olówó rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, àti pé Mùsùlùmí ni òun, òun ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí òun fi ń kírun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó lọ dọ̀bálẹ̀: “Màmá, ẹ má bínú.” Ó kọ́ ajá láti máa yàgbẹ́ nísàlẹ̀, ó sì ń fi ọ̀rá kó o. Ó béèrè aago tí Màmá ń jáde àti aago tí wọ́n ń wọlé, ó wá ń yẹra fún wọn lórí àtẹ̀gùn. Ti igbe ló pẹ́ jù. Ajá tó ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò ya aláìgbọràn. Kò mọ̀ pé ẹni tó lọ máa padà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún ìṣẹ́jú kan, á wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́ta, á wọlé, mẹ́wàá. Oṣù méjì ló gbà á.

Èyí tó kù ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Máàṣì, iná ò sí, ó ti gbé oúnjẹ odindi ọjọ́ fún Bíńgò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé ó pẹ́ níbi iṣẹ́. Ajá náà gbé e mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Kò pẹ́, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń fẹ́ bì, ohun kan kò jáde, ikùn rẹ̀ sì le bí awọ gángan. Ajá àyà jíjìn ni àìsàn yìí ń mú jù: afẹ́fẹ́ á kún ikùn, ikùn á lọ́ mọ́ra bí ọ̀rá omi tí a yí lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá, ó sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Oúnjẹ ńlá ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ àti ìwàǹwara wà lára ohun tó ń fà á. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà sì sọ ní 2000 pé àwo tí a gbé ga sórí àpótí fún ajá ńlá, tí àwọn kan rò pé ó ń ràn án lọ́wọ́, ewu ló ń fi kún.

Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Bíńgò jù bẹ́ẹ̀ lọ, sìmẹ́ńtì kì í sì í japoró. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó yí ajá lé e, ó di etí méjì mú, kò sì mọ ẹni tí yóò di méjì yòókù. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Màmá jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ajá, wọ́n wo aṣọ, wọ́n fi ìborùn wọn so ọwọ́ kan, wọ́n ní, “Mú iwájú, èmi á mú ẹ̀yìn. Má fà á.” Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sinmi.

Dókítà la ikùn rẹ̀ lóru náà, ó tú u, ó sì rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà tún lọ́. Ìgbà mẹ́ta ni Bíńgò ń jẹun báyìí lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ ń sọ bó bá ń ròyìn alẹ́ ọjọ́ náà ni ti awakọ̀ Mícrà tí wọ́n dá dúró létí títì. Ó tan iná sójú aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó wo ajá, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, ó wá ní, “Owó èrò mẹ́ta ni mo máa gbà lórí èyí o. Màmá á jókòó níwájú.”